Orí Ló Kú, Ẹsẹ̀ Kò Kú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé kan ní Johannesburg, ẹ̀yìnkùlé ni kó gbà wọlé. Kó lóṣòó ti igi eléso tó bá bá níbẹ̀, kó sì wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí àpá kan bá wú síta bí oríkèé, ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ilẹ̀, ọgbà ìtajà igi ni wọ́n ti ra igi náà. Bí kò bá sí àpá, á jẹ́ pé ẹnìkan ló jẹ èso tó sin kóró rẹ̀, tàbí tó ṣẹ́ ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò tó sì rì í mọ́lẹ̀. Gígé igi àti lílọ́ igi ni mo fi ń jẹun nílùú yìí, láti Bez Valley dé Orange Grove, títí wọ Soweto. Oríṣi igi méjì yìí ni mò ń bá pàdé kiri. Bí wọ́n bá bàjẹ́ tí wọ́n sì tún jí, ohun tí ọ̀kan ń mú padà wá kì í ṣe irú èyí tí èkejì ń mú wá. Ìyàtọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé apá kan nínú ìtàn ìlú yìí wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa wúrà kì í sábà yà sí.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń gbin ọmọ ọsàn tà nítòsí Moor Plantation. Ilẹ̀ àgbègbè yẹn ti mọ iṣẹ́ igi tipẹ́. Ọdún 1899 ni ìjọba amúnisìn dá Moor Plantation sílẹ̀. Nígbà tó di 1975, ìjọba Nàìjíríà dá NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé kí n máa wo igi kan ṣoṣo bí ẹni méjì. Ó máa ń hu kóró lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo gbágungbàgun nínú ọ̀rá dúdú. Tí igi rẹ̀ bá ti nípọn tó bíi bírò ìkọ̀wé, yóò fi ọ̀bẹ ya èèpo rẹ̀ bíi lẹ́tà T, yóò bẹ́ ojú kan lára ẹ̀ka ọsàn Agége tó dùn, yóò ti ojú náà bọ abẹ́ èèpo, yóò sì fi ọ̀rá wé e pinpin. Bí ojú náà bá ti jí, yóò gé gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ dànù. Láti ọjọ́ náà lọ, orí di ọsàn Agége, ẹsẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù. Wọ́n jọ ń mu omi kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í di ọ̀kan. Ewé àti èso tó bá yọ lókè àpá, ti orí ni. Ohunkóhun tó bá yọ lábẹ́ àpá, ti ẹsẹ̀ ni.

Mo rántí ọjọ́ tí mo rí ọ̀mùnú kan tó yọ nísàlẹ̀, tó ń dán, tó sì ń ga ju ojú tí a lọ́ lọ.

"Ọ̀gá, èyí mà lágbára o. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

"Gé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó o bá fi í sílẹ̀, òun ni yóò jogún ilé."

Nínú ọgbà títà, òfin nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ Johannesburg ni mo ti wá rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó gé e.

Kí wọ́n tó rí wúrà ní oko Langlaagte lọ́dún 1886, koríko ló gba orí òkè Witwatersrand; igi kò tó nǹkan. Àwọn Boer, òyìnbó tó ní oko níbẹ̀, máa ń gbin igi eléso díẹ̀ sẹ́bàá omi, píìṣì ló sì sábà máa ń jẹ́. Kóró ni wọ́n fi ń gbìn ín. Láti Cape, níbi tí ilé-iṣẹ́ àwọn Dutch ti dá ọgbà sílẹ̀ lọ́dún 1652 kí àwọn atukọ̀ tó ń lọ sí Ìlà-Oòrùn lè rí ẹ̀fọ́ àti èso jẹ, ni irú rẹ̀ ti bá wọn rìn dé òkè. Píìṣì aláwọ̀ ìyeyè yìí, èyí tí ẹran rẹ̀ kì í fẹ́ bọ́ lára kóró, kì í ba oníkóró lójú jẹ́: bí a bá sin kóró rẹ̀, ọmọ kì í jìnnà sí ìyá. Ìdí nìyí tó fi tàn káàkiri láìsí ẹni tó ń tà á. Àwọn Boer ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń fi í pọn ọtí líle tí wọ́n ń pè ní mampoer. Àwọn Basotho àti àwọn Tswana náà gbìn ín yí ilé wọn ká. Títí dòní, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, òdòdó píìṣì a pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìnkùlé Soweto kí òjò kankan tó rọ̀.

Igi tí a lọ́ kò tètè dé. Ọ̀nà tó gbà dé sì bẹ̀rẹ̀ látinú àjálù. Lọ́dún 1886 kan náà tí wọ́n dá Johannesburg sílẹ̀, wọ́n rí phylloxera nínú ọgbà àjàrà ní Cape. Kòkòrò tín-ín-tín ni, gbòǹgbò ló ń jẹ, ó sì ti fojú àwọn alájàrà ilẹ̀ Faransé rí màbo láti àwọn ọdún 1860. Ohun tí àwọn Faransé fi bọ́ náà ni àwọn ará Cape fi bọ́: wọ́n lọ́ orí àjàrà Yúróòpù sórí ẹsẹ̀ àjàrà Amẹ́ríkà, tí kòkòrò náà ń jẹ tí kì í kú. Ọ̀pọ̀ olóko tí àjàrà rẹ̀ ti run yíjú sí èso mìíràn. Ní 1892, Harry Pickstone, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti mọ iṣẹ́ èso ní California, dá ọgbà ìtajà igi sílẹ̀ ní Cape pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Cecil Rhodes. Nínú ọdún yẹn náà ni ojú irin láti Cape wọ Johannesburg.

Ẹ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà òtútù, igi píìṣì, ápù àti ọ̀pọ̀ igi bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́wé, wọ́n á sùn. A lè hú wọn láìní erùpẹ̀, ká fi nǹkan tútù wé gbòǹgbò wọn, kí wọ́n rin ìrìn ọjọ́ mélòó kan láìkú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, igi tí a lọ́ di ọjà tí ará Johannesburg lè pè fún láti ọ̀nà jíjìn. Olówó tó kọ́lé ní Doornfontein tàbí Parktown kò ní láti dúró de kóró mọ́. Ó lè ra orúkọ: píìṣì báyìí, ápù báyìí, lẹ́mọ́ọ̀nù báyìí, kó sì mọ bí èso náà yóò ṣe rí kó tó gbìn ín. Ìlú tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọgbà tó dà bí ẹni pé bàbá bàbá ẹni ló gbìn ín.

Àwọn tó ń lọ́ igi náà ń kọ́ ọgbọ́n ẹsẹ̀ bí wọ́n ti ń bá a lọ. Ní Yúróòpù, orí ẹsẹ̀ ọsàn kíkan ni wọ́n ti ń lọ́ ọsàn dídùn, ó sì ń ṣe dáadáa. Ní South Africa kò rí bẹ́ẹ̀. Igi a rọ, a sì kú. Ohun tó fà á kò hàn kedere fún ìgbà pípẹ́. Láti àwọn ọdún 1930, irú àìsàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sọ ní tristeza, pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ igi ọsàn ní Brazil àti Argentina, tó sì jẹ́ pé àwọn tó wà lórí ẹsẹ̀ ọsàn kíkan ló pa. Lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo gbágungbàgun, èyí tí mo kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀ n'Ìbàdàn, ni ẹsẹ̀ tí South Africa fọkàn tán fún ìgbà pípẹ́. Ní ti píìṣì, nínú àwọn ọdún 1930 ni wọ́n rí igi kan ní Kakamas, ìlú kékeré kan létí odò Orange. Igi tó kàn hù fúnra rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò lọ́ ọ. Èso rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ìlú-mọ̀ọ́ká fún inú agolo. Kóró rẹ̀ sì ń hu ẹsẹ̀ tó le, tí wọ́n ń lọ́ àwọn píìṣì mìíràn lé. Ọ̀pọ̀ igi píìṣì tí wọ́n ń fi orúkọ àjèjì tà lónìí, ẹsẹ̀ Kakamas ló gbé e dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìbàjẹ́. Johannesburg fi ohun tó lé ní mítà 1,700 ga ju òkun lọ. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, ìrì dídì a máa bo koríko láàárọ̀. Yìnyín funfun bíi ti ìlú òyìnbó bọ́ lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ó sì tún bọ́ lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2023. Ìgbà ooru ní tirẹ̀ ń da òkúta yìnyín. Èyí tó bọ́ lóṣù Kọkànlá ọdún 2013 fọ́ gíláàsì mọ́tò káàkiri, ó sì bó èèpo ara igi. Píìṣì lè fara da òtútù, àní ó nílò rẹ̀ kó tó lè so. Lẹ́mọ́ọ̀nù àti píà ni ojú ń pọ́n.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Bez Valley, ọmọ erékùṣù Madeira, ló pè mí nítorí lẹ́mọ́ọ̀nù rẹ̀. Àwọn Potogí pọ̀ ládùúgbò yẹn, kò sì sí ẹ̀yìnkùlé wọn tí kò ní àjàrà àti lẹ́mọ́ọ̀nù.

"Ọmọ mi, igi yìí ti ya wèrè. Èso rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń dán. Ẹ wò ó báyìí, ó dà bí ojú ẹni tí ṣọ̀npọ̀nná ṣe."

"Senhor, ìrì dídì pa á rí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó pa á. Ó gbẹ tán. Mo ní kí n hú u, ló bá tún rú. Inú mi dùn, mo fi í sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ha erùpẹ̀ kúrò nídìí igi. Kùkùté Eureka àtijọ́, irú lẹ́mọ́ọ̀nù tí Senhor rà, wà níbẹ̀, ó gbẹ, ó ti ń jẹrà, kò ga ju ìka mẹ́rin lọ. Ọ̀mùnú mẹ́ta tó ti di igi gidi ti yọ lábẹ́ àpá. Ẹ̀gún wọn gùn, ewé wọn fẹ̀. Mo já ewé kan, mo rún un, mo sì fi sí imú Senhor: lẹ́mọ́ọ̀nù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó rà. Igi rẹ̀ kò ya wèrè rárá. Orí ló kú, ẹsẹ̀ kò kú, ẹsẹ̀ sì ń so èso tirẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí kò pamọ́ fẹ́nikẹ́ni: bí ọ̀mùnú ìsàlẹ̀ bá ní ewé mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, ẹsẹ̀ trifoliate ni, ọsàn ilẹ̀ China tí òtútù kì í pa, tí èso rẹ̀ sì korò débi pé ẹyẹ gan-an ń yà fún un.

Mo sọ fún Senhor pé mo lè tún Eureka lọ́ sórí rẹ̀. Ó ní kí n ṣe ọ̀kan, kí n fi méjì sílẹ̀, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi èso gbágungbàgun náà se ẹja.

Kì í ṣe gbogbo orí la lè fi kóró dá padà, ibi tí owó wà nínú iṣẹ́ yìí sì nìyẹn. Ẹ wo ọsàn onídodo, èyí tí wọ́n ń kó jọ bí òkè ní gbogbo ọjà Johannesburg nígbà òtútù. Kò ní kóró. Bahia ní Brazil ló ti yọ lójijì lára igi ọsàn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní sáà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń pè wọ́n ní Nàgó. Ọdún 1870 ni ọmọ igi náà dé Washington. Ní 1873 ni wọ́n fi méjì ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń jẹ́ Eliza Tibbets ní Riverside, California. Gbogbo ọsàn onídodo tí ayé mọ̀ sí Washington, láti ara irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ́ ojú lọ́ káàkiri. Ọ̀kan nínú igi méjì yẹn ṣì wà láàyè. Ní 1918, nígbà tí àìsàn ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbin ọmọ igi tuntun yí i ká, wọ́n sì lọ́ wọn mọ́ ọn lára láti ìsàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ tuntun lè máa gbé orí àtijọ́. Ká ní wọn ò tètè ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ì bá kú, orí ì bá sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n apá mìíràn wà ní Johannesburg tí ọgbà Pickstone àti ọkọ̀ ojú irin kò ṣiṣẹ́ fún. Ní 1897, Hermann Tobiansky ra ilẹ̀ kan níwọ̀ oòrùn ìlú, ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè é ní Sophiatown. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí èèyàn dúdú ti lè ra ilẹ̀ kí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá nílẹ̀ níbẹ̀ á kọ́lé, á kọ́ yàrá méjì mẹ́ta sẹ́yìn fún ayálégbé, á sì wá ibi tóóró kan fún igi. Kóró tàbí ẹ̀ka ni wọ́n fi ń gbin irú igi bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni: píìṣì láti inú kóró, ọ̀pọ̀tọ́, àjàrà àti mọ́bẹ́rì láti ara ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀tọ́ kò ní wàhálà rárá. Ẹ ṣẹ́ ẹ nígbà òtútù, ẹ rì í, ó ti jí.

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1955, nǹkan bí 2,000 ọlọ́pàá tó dìhámọ́ra wọ Sophiatown láàárọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn sínú lọ́rí lọ sí Meadowlands ní Soweto. Òfin ìṣínípò ọdún 1954 ló wà lẹ́yìn wọn. Kó tó parí, wọ́n ti kó èèyàn tó lé ní 50,000 kúrò. Katakata wó ilé wọn; díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, lára rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Christ the King àti ilé Dókítà A. B. Xuma. Wọ́n kọ́ ilé tuntun fún òyìnbó sórí àlàpà náà, wọ́n sì pe àdúgbò náà ní Triomf, ìyẹn ìṣẹ́gun.

Mo mọ ìyá àgbà kan ní Meadowlands, Gogo ni mò ń pè é, tó ń pè mí wá gé àjàrà rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí lọ́rí kó wọn kúrò ní Sophiatown, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Kofifi. Ọ̀pọ̀tọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ tó ní ọ̀pá bíi mẹ́jọ, tí gbogbo wọn yọ láti ojú kan náà.

"Gogo, ta ló gbin ọ̀pọ̀tọ́ yìí?"

"Màmá mi ni, mntanami. Kofifi ló ti ṣẹ́ ẹ wá. Ó fi àkísà tútù wé e, ó gbé e lé itan nínú lọ́rí. Bàbá mi ń bínú pé ó fi àga sílẹ̀, ó gbé igi."

"Kí ló dé tó fi pọ̀ báyìí nídìí?"

"Ọmọ mi ọkùnrin ló gé e nítorí gáréèjì. Ó tún jáde. Ó tún gé e. Ìrì dídì pa á lọ́dún kan, ó tún jáde. Nígbà tó yá, ó rẹ ọmọ mi."

Mo wá àpá, kò sí. Èso rẹ̀ dúdú lára, inú rẹ̀ pọ́n, Gogo sì ní bó ṣe rí ní Kofifi nìyẹn. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn: igi tí a gbìn láti ara ẹ̀ka, òun fúnra rẹ̀ ni orí, òun náà ni ẹsẹ̀. Níbi tó wù kí wọ́n ti gé e, ohun tó ń rú padà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gé. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Sophiatown náà, níbi tí wọ́n ti dá orúkọ àtijọ́ padà fún àdúgbò náà lọ́dún 2006. Lẹ́yìn ilé kan níbẹ̀, mo bá ìdí ọ̀pọ̀tọ́ kan tó gba àárín bíríkì àlàpà jáde. Bí mo ti wò ó, ó ti wà níbẹ̀ kí ilé náà tó dé. Ẹni tó ń gbébẹ̀ rò pé igi ìgbẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹ̀ka pèrègún ni àwọn bàbá wa ń rì sí ààlà oko, nítorí pé bí iná ń jó o, bí àdá ń gé e, pèrègún náà ni yóò tún yọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ọgbọ́n sún ààlà. Bákan náà la mọ̀ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ la fi ń rọ́pò rẹ̀. A tún ń sin ibi ọmọ sídìí igi, kí ọmọ lè mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí mo lọ wo ilé Mandela lójú ọ̀nà Vilakazi ní Orlando West, afinimọ̀nà tọ́ka sí igi kan nínú àgbàlá, ó ní ìwọ́ àwọn ọmọ ilé náà wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí a jọ wà níbẹ̀ ń ya fọ́tò. Èmi ń rántí ìdí igi kan n'Ìbàdàn.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé igi oníkóró san ju igi tí a lọ́ lọ, nítorí irọ́ ni yóò jẹ́. Ẹ wo píà. Láàárín àwa ará Nàìjíríà ní Yeoville àti Rosettenville, kò sí ẹni tí kò tíì gbin kóró píà sínú garawa rí. Ó máa ń hù, ó máa ń ga. Ẹ lè dúró ọdún méje tàbí mẹ́wàá kó tó so, kí èso rẹ̀ sì wá jẹ́ omi lásán. Ní òkè àríwá, ní Limpopo, ni iṣẹ́ píà ti gbilẹ̀. Hans Merensky, onímọ̀ òkúta inú ilẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìpele platinum tó rí lọ́dún 1924, ra oko Westfalia ní nǹkan bí 1930. Àrùn kan ń jẹ gbòǹgbò píà nínú ilẹ̀ tútù, Phytophthora lorúkọ rẹ̀, ó ń pa oko run. Westfalia yìí ni wọ́n ti ṣa ẹsẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní Dusa, tó ń fara da àrùn náà. Lónìí, àwọn olóko píà ní California pàápàá ń lọ́ orí wọn sórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n wá lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń tà.

Orí tó pọ̀ jù lórí àwọn ẹsẹ̀ yẹn ni Hass. Ní 1926, Rudolph Hass, oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan ní California, gbin kóró píà kó lè fi í ṣe ẹsẹ̀ fún Fuerte, píà tó lókìkí nígbà náà. Wọ́n lọ́ ọ, orí kò gbà. Wọ́n tún un lọ́, orí tún kú, ìsàlẹ̀ ń rú. Hass fẹ́ gé e dànù. Ẹni tó ń bá a lọ́ igi ló ní kó fi í sílẹ̀ kó rí ohun tó máa so. Nígbà tó so, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ẹ ju Fuerte lọ. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1935. Igi ìyá náà wà láàyè títí di 2002, kí àìsàn gbòǹgbò tó pa á. Igi tó kọ̀ kí wọ́n fi òun ṣe ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń bẹ́ ojú rẹ̀ lọ́ báyìí.

Láti bí ọdún mélòó kan, ìbàjẹ́ tuntun ti wọ ìlú. Kòkòrò kan tí kò gùn tó mìlímítà 3, tí wọ́n ń pè ní shot hole borer, láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ló ti wá. Ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ dá a mọ̀ ní ọgbà ewéko ìlú Pietermaritzburg. Ó ń lu ihò sínú igi, ó sì ń gbin olú tín-ín-tín kan síbẹ̀ fún oúnjẹ ara rẹ̀. Olú náà ló ń dí ọ̀nà omi igi pa. Ó ti pa ọ̀pọ̀ igi ojú pópó ní Johannesburg, píà ẹ̀yìnkùlé sì wà lára ibi tó ti ń pamọ. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti gé orí píà tó ti kú dànù, kí n tó rí ọ̀mùnú pupa tó ń yọ nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá pè mí nísinsìnyí pé kí n wá hú kùkùté, mo máa ń bi í léèrè kí n tó yọ ọ̀bẹ: ta ló gbìn ín, ibo sì ni àpá rẹ̀ wà? Bí kò bá sí àpá, ẹ fi ọ̀mùnú kan tó le jù sílẹ̀, ẹ gé ìyókù; èso tí ẹ mọ̀ ni yóò padà wá. Bí àpá bá wà, tí nǹkan sì rú lókè rẹ̀, orí ò tíì kú, ẹ gé tìsàlẹ̀. Ẹ má sì gé ohun tí ìrì dídì pa kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, nítorí pé igi tó dà bí òkú lóṣù Keje lè ṣì máa mí. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló rú, ẹ má bá a jà. Gbòǹgbò tó ti mọ ilẹ̀ yẹn fún ogún ọdún, kò sí lọ́jà. Ẹ jẹ́ kó nípọn, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́ nígbà tí èèpo bá ti ń bó. Orí tó bá wù yín ni yóò gbé. Ẹ sì lè ṣe bíi ti Hass, kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ní ti owó iṣẹ́, kò tó ohun tí ẹ máa fi ra igi tuntun.